Àṣẹ òfin lórí ọkọ̀ ojú omi ní Ogun Waterside

Àṣẹ òfin lórí ọkọ̀ ojú omi ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside pín sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpín ti àpapọ̀ ló tóbi jù. Òfin Nàìjíríà kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá èrò ni ọkọ̀ kan ń kó, bóyá ẹja ló ń pa tàbí fàájì ni olówó rẹ̀ ń fi í ṣe. Irú omi tí ọkọ̀ náà wà lórí rẹ̀ ni òfin ń wò.

Abigi ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Ìwopin, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú ibẹ̀, wà létí ọ̀sà Lẹ́kí, níbi tí odò Ọ̀ṣun àti odò Oni ń ṣàn sí. Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn ló jọ ni ọ̀sà náà, tó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 247 níbùú lóròó. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ elénjìnnì láti Ẹ̀pẹ́ wá ṣe fàájì ní Ìwopin á ti kọjá ààlà ìpínlẹ̀ láìrí ohun tó jọ ààlà.

Ìwé Òfin ọdún 1999 fi ìrìnnà lórí omi tí ìgbì òkun ń dé, lórí Odò Ọya àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀, àti lórí omi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá kéde pé ó kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ, sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Òfin tó dá NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, sílẹ̀ ní 1997 wá to àwọn omi náà lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ láti Àgbádárìgì, ó gba Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó la ọ̀sà Lẹ́kí já dé Ìwopin, ó sì forí lé Atijẹrẹ àti Òkìtìpupa títí dé ìhà Warri. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ Ìwopin wà nínú òfin gan-an. NIWA, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, ló ń fún ọkọ̀ ní láísẹ́ǹsì níbẹ̀, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ló sì ń fọwọ́ sí kíkọ́ èbúté.

Èkó kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣòfin tirẹ̀ ní 2008, ó sì dá LASWA, àjọ ọ̀nà omi tirẹ̀, sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi rí i pé àjọ méjì ló ń béèrè owó lọ́wọ́ àwọn lórí ọkọ̀ kan náà. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ àti ti èrò wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ dá NIWA láre ní 2014. Ní July 18, 2017, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, ó ní omi tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí sínú ìpínlẹ̀ kan, ti ìpínlẹ̀ náà ni. January 5, 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó fi òpin sí i: ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ. LASWA kò tìtorí ìyẹn kógbá sílé o. Ṣùgbọ́n ní ti Ìwopin, ìdájọ́ 2017 gan-an kì bá tí gbé omi wọn fún ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí ọ̀nà omi náà kò parí sínú ìpínlẹ̀ kan.

Ohun tó ṣẹ́ kù fún àwọn yòókù kò pọ̀. Ìpínlẹ̀ ló lè ṣòfin lórí ẹja pípa nínú odò àti ọ̀sà. Ìwé Òfin kan náà fi láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó kà á mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere àti ọmọlanke. Adágún tàbí odò kékeré tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ 1997, tí ìgbì òkun kò sì dé ibẹ̀, kò kan NIWA. Bí wọ́n bá jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gbé ní èbúté, ẹjọ́ olè lásán ni, òfin ìpínlẹ̀ ló kàn án. Àmọ́ bí ọkọ̀ méjì bá forí sọ ara wọn lójú ọ̀nà omi ìjọba àpapọ̀, tí ọ̀kan sì ń béèrè owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ èkejì, abala 251 Ìwé Òfin ti gbé irú ẹjọ́ ìrìnnà omi bẹ́ẹ̀ fún Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀.