Fèrè, Ìlù àti Ohùn Èdè: Bí Ẹgbẹ́ Onífèrè Ìjọ Ṣe Ń Di ti Ìlú ní Àríwá Èkìtì

Ẹgbẹ́ Boys' Brigade tí ń fun fèrè, tí ń lùlù, tí ó sì ń yan lójú pópó ní ilẹ̀ Èkìtì lọ́jọ́ àjọ̀dún ìjọ, Skọ́tíláǹdì ni orírun rẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wàrà 1883 ni William Alexander Smith dá a sílẹ̀ ní Glasgow. Ọdún 1908 ni ó dé Èkó, àwọn ìjọ sì gbé e wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ibi tí ohun èlò orin ti wá kọ́ ló ń sọ ọ́ di ti ìlú. Agbára rẹ̀ láti gbé ohùn èdè ìlú náà ni.

Ní Skọ́tíláǹdì, àwọn ẹ̀ka Brigade kan ń lo bagpipe, ìyẹn fèrè alápò. Afunfèrè á fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò, á fi apá fún un. Ọ̀pá mẹ́ta á máa kùn láìyí ohùn padà. Èyí tí ìka ń jó lórí rẹ̀ ní ohùn mẹ́sàn-án. Bí ó bá ti dún, kì í dánu dúró títí orin yóò fi parí. Ó wuyì, àmọ́ kò fi àlàfo sílẹ̀ fún ẹlẹ́gbè.

Ní Nàìjíríà, fèrè idẹ tí kò ní ohun títẹ̀ ló wọ́pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Ètè nìkan ló ń yí ohùn rẹ̀ padà, ohùn bíi márùn-ún ló sì sábà ń lò. Ó tó láti kéde, kò tó láti sọ̀rọ̀. Ìyáàlù dùndún, ní tirẹ̀, ń tẹ̀lé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ èdè Yorùbá bí ọwọ́ bá ṣe ń fún ọṣán.

Orin ìjọ pàápàá ní ìṣòro àìtẹ̀lé ohùn èdè. Bí ohùn orin bá ta ko ohùn ọ̀rọ̀, ogún ọ̀run lè di ogun, ó sì lè di Ògún, òrìṣà tí wọ́n ń bọ ní Ìrè-Èkìtì, nítòsí Ọ̀yẹ́. Ìdí nìyí tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti (1855–1930) fi kọ orin ìsìn sí ohùn Yorùbá, tí olórin ìjọ T. K. E. Phillips sì fi kọ ìwé Yoruba Music jáde ní 1953. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ sí ìlù Brigade, ohun àyálò ti ń di tiwọn.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà ní Ọ̀yẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ni, kì í ṣe ìlù. Láti 1947 sí 1954, àwọn Fadá Kevin Carroll àti Sean O'Mahoney darí ilé iṣẹ́ ọnà kan níbẹ̀. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀ṣì, gbẹ́gi níbẹ̀, ó sì kọ́ Lamidi Fákẹ́yẹ níṣẹ́. Wọn kò ní kí àwọn agbẹ́gilére gbẹ́ ère bí òyìnbó. Ọwọ́ tí ń gbẹ́ ère eégún Èpà ni wọ́n fi gbẹ́ ìtàn Jésù. Ní oṣù Ọ̀pẹ 1963, Ìpàdé Vatican Kejì fọwọ́ sí irú èrò kan náà fún orin: kí ìjọ bọ̀wọ̀ fún orin ìbílẹ̀ àwọn ènìyàn.

Ìlànà Ọ̀yẹ́ bá ẹgbẹ́ onífèrè mu. Kí fèrè máa kéde ìyan, kí àyàn ìlú sì kọ́ àwọn ọmọ Brigade bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀. Níbi tí a bá ti ṣe èyí, ìjọ ló ni aṣọ, ìlú ló ni orin.