Ọbàkan Ni Wọ́n, Wọn Kì Í Ṣe Iyèkan

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Lẹ́nu wa, ọkọ̀ tó bá ti ga díẹ̀, "jíìpù" ni. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo 4Runner àti Highlander: Toyota ni bàbá àwọn méjèèjì, ìyá wọn yàtọ̀ pátápátá.

2/ Lọ́dún 1984, Toyota mú pick-up Hilux, ó fi òrùlé tó ṣeé tú bo ẹ̀yìn rẹ̀. 4Runner nìyẹn. Chassis irin wà nísàlẹ̀, wọ́n wá gbé ara ọkọ̀ lé e lórí. Ìdí tó fi lágbára nìyẹn, ìdí tó fi ń gbọ̀n ẹni náà nìyẹn.

3/ Ní 1994, RAV4 jáde ní Japan. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ Corolla àti Carina ló ti wá. Kò ní chassis ọ̀tọ̀; ara àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn ni. Jíìpù ará ìlú dé nìyẹn o!

4/ Ní 2000, Highlander tẹ̀lé e. Ìyá tirẹ̀ ni Camry. Ẹ ò rí i pé ó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí ọ̀dà?

5/ Kí ló wá kàn wá? Owó ni! Àwọn Highlander kan wà tó jẹ́ pé táyà iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ẹ gbé e wọ ẹrẹ̀ ọ̀nà oko, ẹ ó pe àwọn tó máa tì í. Kí ẹ tó sanwó tòkunbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ìyá rẹ̀.