Lẹ́ǹsì Kan Ṣoṣo fún Ìrìn-àjò: Ohun Tí Ìtàn Rẹ̀ Kọ́ Wa

Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí kí a tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, nínú iṣẹ́ fọ́tò yíyà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wá lẹ́ǹsì tí yóò mú erin, tí yóò sì mú ìrẹ̀: èyí tí ènìyàn lè fi ya òkè ńlá lódindi, kí ó yí i díẹ̀, kí ó sì fi òun kan náà ya ẹyẹ tó bà sórí òkè náà. Súùmù ni àwọn onífọ́tò ń pè é. Ẹni tó bá ń múra ìrìn-àjò lónìí, tó sì fẹ́ ra lẹ́ǹsì, yóò bi ara rẹ̀ pé: ṣé ẹyọ kan tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ni kí n rà, àbí méjì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ iṣẹ́ tirẹ̀? Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé ìtàn lè ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn, nítorí pé nígbàkígbà tí lẹ́ǹsì bá fún wa ní ohun kan, ó máa ń gba ohun mìíràn lọ́wọ́ wa.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí nọ́ńbà ara lẹ́ǹsì ń sọ. Mìlímítà ni wọ́n fi ń kà á. Lórí kámẹ́rà tó ń lo fíìmù mìlímítà 35, lẹ́ǹsì 28 ń rí ibi tó fẹ̀, bí agbo ijó lódindi. Lẹ́ǹsì 50 wà ní àárín. Lẹ́ǹsì 200 ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, bí ojú onílù kan ṣoṣo láàárín agbo náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́ǹsì kan, iṣẹ́ kan ni. Ní ọdún 1839 ni wọ́n kéde ọ̀nà tí Louis Daguerre ń gbà ya àwòrán fún gbogbo ayé ní Paris. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú lẹ́ǹsì ìgbà náà wọlé kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí wọ́n ń yà fi ní láti jókòó gẹ́gẹ́ bí ère fún ìṣẹ́jú púpọ̀. Ní 1840, Joseph Petzval, olùkọ́ ìṣirò ní ìlú Vienna, ṣe ìṣirò lẹ́ǹsì tuntun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé. Àwọn ọmọ ogun tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ìbọn ńlá, tí wọ́n sì mọ ìṣirò dáadáa, ló bá a ṣe é, nítorí kò sí kọ̀ǹpútà. Lẹ́ǹsì Petzval ya ojú ènìyàn dáadáa, ṣùgbọ́n etí àwòrán rẹ̀ máa ń ṣú bàìbàì, nítorí náà kò wúlò tó fún yíya ilẹ̀ àti ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ya méjèèjì ní láti ru lẹ́ǹsì méjèèjì.

Ní 1902, ará Amẹ́ríkà kan, Clile Allen, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí lẹ́ǹsì tí gíláàsì inú rẹ̀ lè sún mọ́ ara wọn tàbí kí wọ́n jìnnà síra, kí ohun tí a ń wò lè tóbi tàbí kí ó kéré láìjẹ́ pé a yí lẹ́ǹsì padà. Àwọn onísinimá ló kọ́kọ́ jàǹfààní èrò yìí. Ní 1932, lẹ́ǹsì Cooke Varo jáde láti ìlú Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń lọ láti 40 dé 120. Lẹ́yìn náà ni Frank Back, ọmọ ilẹ̀ Austria tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ṣe Zoomar fún tẹlifíṣọ̀n. Òun kan náà ló ṣe Voigtländer Zoomar, 36 sí 82, tó jáde ní 1959. Èyí ni súùmù àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún kámẹ́rà fọ́tò. Ní 1963, Nikon ti Japan gbé súùmù 43 sí 86 jáde. Kò wúwo púpọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rà á, ṣùgbọ́n ògiri tó dúró ṣánṣán máa ń tẹ̀ kọrọdọ nínú àwòrán rẹ̀. Ẹ ò rí i pé lẹ́ǹsì fúnni, ó sì gbà.

Ọdún 1992 ni ọ̀rọ̀ kan àwọn arìnrìn-àjò gan-an. Ilé-iṣẹ́ Tamron ní Japan ṣe súùmù kékeré tó bẹ̀rẹ̀ láti 28, tó sì dé 200. Láti agbo ijó dé ojú onílù, lẹ́ǹsì kan ti tó. Arìnrìn-àjò kò ní láti máa ṣí kámẹ́rà nínú eruku mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àpò kò bọ́ ọ léjìká. Kí ni lẹ́ǹsì náà wá gbà? Ìmọ́lẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n bá fà á dé 200, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kò ju èyí tí wọ́n ń pè ní f/5.6 lọ. Lẹ́ǹsì 50 tó rọrùn láti rà, tí tirẹ̀ jẹ́ f/1.8, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ju ìlọ́po mẹ́sàn-án èyí lọ. Ní ọ̀sán gangan, ìyàtọ̀ náà kò hàn. Ní ìrọ̀lẹ́, tàbí lábẹ́ iná àbẹ́là, ó hàn gbangba.

Ní 1995, Canon gbé súùmù kan jáde tó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ onífọ́tò kù. Nígbà tí irú ọgbọ́n yìí dé inú súùmù arìnrìn-àjò, wọ́n tún fà á gùn sí i: ní 2008, Tamron ṣe 18 sí 270, ní 2017, ó ṣe 18 sí 400. Àmọ́ ọwọ́ onífọ́tò ni ọgbọ́n yìí ń mú dúró. Kò lè mú ẹsẹ̀ oníjó dúró. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, oníjó yóò ṣú bàìbàì bó ti wù kí lẹ́ǹsì náà gbówó lórí tó.

Ohun kejì tí súùmù ń gbà kò sí lára nọ́ńbà kankan. Ẹ jẹ́ kí a wo Pierre Verger, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní 1902, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ní 1932. Ó rìn káàkiri ayé. Ó dé Bahia ní Brazil ní 1946, ó sì wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí. Ní Kétu ni ó ti di babaláwo, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Kámẹ́rà Rolleiflex ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Lẹ́ǹsì rẹ̀ kò ṣeé yọ, kò sì ṣeé fà. Ìwọ̀n àyà ni wọ́n ń gbé e sí, tí onífọ́tò á tẹrí ba wò ó, nítorí náà kò bo ojú rẹ̀. Fíìmù 120 kan kò sì ju àwòrán 12 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ya ojú ènìyàn pẹ̀lú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún. Bó bá dé ọ̀dọ̀ Yorùbá, yóò kí i kó tó ṣe ohunkóhun. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Verger fi sílẹ̀ àwòrán tó lé ní 62,000, tó wà ní ìpamọ́ ní Salvador, àwọn ọmọ Yorùbá ní òkun ìhín àti òkun ọ̀hún sì wà nínú wọn. Súùmù 400 lè gba irú ìkíni yẹn lọ́wọ́ ẹni, nítorí ó ṣeé ṣe láti ya ènìyàn láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìgbà mìíràn wà tí dídúró lókèèrè gan-an ni ọ̀wọ̀. Níbi ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nínú oṣù kẹjọ, arugbá gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà dé odò. Onífọ́tò tó ní súùmù gígùn lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó má dí i lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyẹ inú igbó: bí a bá sún mọ́ ọn, yóò fò.

Kí ni ẹni tó ń yan lẹ́ǹsì yóò wá ṣe? Ní èrò tèmi, kí ó má kọ́kọ́ béèrè bí súùmù náà ti gùn tó. Kí ó béèrè ohun tí òun ń lọ wò. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni yóò máa rìn, tí òkè, ilé, ẹran àti ọjà yóò jọ pàdé rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, súùmù kan ti tó. Bó bá jẹ́ inú ilé tàbí alẹ́ ni, kí ó fi lẹ́ǹsì 50 kékeré kún un; kò wúwo. Bó bá sì jẹ́ ènìyàn ló fẹ́ mọ̀, kí ó fi súùmù sínú àpò fún ọjọ́ kan, kí ó lọ kí wọn.

Láti orí Petzval títí di òní, àwọn onímọ̀ ti ràn wá lọ́wọ́ láti ru ẹrù tó fúyẹ́. Ọ̀nà tí a ó gbà sún mọ́ ẹni tí a fẹ́ yà kù sí ọwọ́ wa.