Àdúrà Ìyẹ̀wù ní Ilẹ̀ Yewa

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àdúrà ìyẹ̀wù ṣe ta gbòǹgbò láàárín àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlárò ìlú Ọ̀rọ̀nà akọni títí dé Ayétòrò àti àwọn abúlé tí ó fara ti ààlà, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ilé ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, lórí ẹní, níbi tí ìyá àti ọmọ ti ń kúnlẹ̀ kí oorun tó kùn wọ́n. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àwọn ọmọ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà ni orísun tiwa wà.

Nígbà tí Fádà Francesco Borghero, ọ̀kan nínú àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní 1856, dé Èkó ní 1863, ó bá àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ti ń gbàdúrà pọ̀ láìní àlùfáà. Antonio, ẹni tí a ti kó lẹ́rú rí, tí ó ti Bràsíìlì padà wálé, ni ó ń kó wọn jọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọdún 1868 ni àlùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Èkó, ó sì di 1880 kí Fádà Holley tó dá míṣọ́n sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Láàárín Èkó, Abẹ́òkúta àti Àjàṣẹ́ ni ilẹ̀ Yewa wà, lórí ilẹ̀ tí ogun Dàhómì ti gbo jìgìjìgì. Ní 1886 ni ogun náà pa ìlú Kétu run, nígbà tí ó sì di 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà, wọ́n pín ará sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí fádà kò lè dé lójoojúmọ́, katikíìsì ni ó ń kọ́ni, ilé kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń pa iná àdúrà mọ́. Rósárì ni ohun èlò wọn: ìlẹ̀kẹ̀ 59 lórí okùn kan, tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ń tì síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, Mo-kí-ọ, àdúrà tí a fi ń kí Màríà, mẹ́wàá, kí ọwọ́ tó kan ìlẹ̀kẹ̀ Baba-wa. Bí a bá ka odindi rósárì ayé ìgbà náà tán, Mo-kí-ọ 150 ni, iye kan náà pẹ̀lú Sáàmù. Òun ni sáàmù àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ tí kò mọ̀wé kà, ó sì di sáàmù àgbẹ̀ Yewa tí kò dé ilé-ìwé.

Àwọn kan ń bú u pé àsọtúnsọ ni. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ẹnu ń wí i léraléra nítorí kí ọkàn lè ráyè dúró ti áńgẹ́lì tí ó wá kí Màríà, ti ọmọ inú ibùjẹ ẹran, ti Olúwa tí òógùn rẹ̀ dà bí ẹ̀jẹ̀ nínú ọgbà. Ẹni tí a fi oríkì wẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ń fi orúkọ kan náà kí ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ títí orí rẹ̀ fi ń wú, kò lè sọ pé pípe orúkọ ní àpètúnpè kò ní ìtumọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé rósárì bá ilẹ̀ rere pàdé lọ́dọ̀ wa.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a rántí. Èdè Látìn ni a fi ń ṣe Mísà títí di ìgbà tí Àpérò Vatican Kejì fọwọ́ sí èdè ìbílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1963, ṣùgbọ́n èdè ìyá ni a fi ń gbàdúrà nílé tipẹ́ṣáájú. Àárín àwọn tí ń sọ èdè ìyá yìí ni àlùfáà pàápàá ti jáde: ọmọ Kétu tí ààlà pín níyà pẹ̀lú wa ni Fádà Thomas Mouléro, tí a fi jẹ àlùfáà ní 1928, ọmọ Dàhómì àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Inú èdè kan náà tí a ń sọ ní Ìmẹ̀kọ, níhà tiwa, ni wọ́n bí i sí.

Láti 1997 tí a ti dá Dáyósíìsì Abẹ́òkúta sílẹ̀, àlùfáà ti súnmọ́ wa ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé rósárì ti di ohun ọ̀ṣọ́ lára ògiri nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Ìlárò àti Ayétòrò, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ìṣó, ẹ pe àwọn ọmọ jọ lálẹ́ òní, kí ẹ sì jẹ́ kí èyí tí ó kéré jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ Mo-kí-ọ àkọ́kọ́.