Àrò, Ẹbí Aláìsàn, àti Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bèèrè

 

Ẹ mọ̀ pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá tí wọn ò ti mọ ohun tó túmọ̀ sí bí ẹnìkan bá ní, “Àfi ká gbé e lọ sí Àrò.” Àwa tá a jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó máa ń bí wa nínú pé abúlé kan lẹ́bàá ìlú wa ló di èébú lẹ́nu gbogbo ayé. Bẹ́ẹ̀, nǹkan iyì ni Àrò jẹ́. Láti 1954 wá, ibẹ̀ làwọn dókítà orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń wá kọ́ bí a ṣe lè tọ́jú alárùn ọpọlọ láìyọ ọ́ kúrò láàárín ẹbí rẹ̀. Mo fẹ́ ká sọ ìtàn náà lónìí nítorí ìbéèrè kan tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Tí ọpọlọ òbí bá dàrú, tàbí tí ọtí àti oògùn olóró bá ti gbé òbí lọ, ta ló ń wo ọmọ?

Ká bẹ̀rẹ̀ látìgbà ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ní 1907 ni wọ́n ṣí ilé àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábàá. Ní 1916 ni òfin jáde lórí ọ̀rọ̀ wọn, òfin tó jẹ́ pé bí wọ́n á ṣe ti èèyàn mọ́lé ló ká a lára ju bí wọ́n á ṣe wò ó sàn lọ. Ní Abẹ́òkúta níbí, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Lántòro tẹ́lẹ̀ kó tó di ilé alárùn ọpọlọ ní 1944. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: ibi tí wọ́n ń kó olè sí ni wọ́n kó aláìsàn sí. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á kọ ohun tó ṣe tí wọ́n fi mú un. Ọmọ tó fi sílẹ̀ nílé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé yẹn.

Láàárín àkókò kan náà, ọ́fíìsì mìíràn ń bẹ l'Ékòó tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1941 ni wọ́n fi Donald Faulkner, òyìnbó tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ṣe ọ̀gá àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ tí àwọn èèyàn wá ń pè ní wẹ́fíà. Àwọn ọmọ tó ń sùn sábẹ́ ìsọ̀ àti létí ọ̀sà ló ń wá kiri. Ní 1943, òfin àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jáde, ó sì ṣètò fún ilé ẹjọ́ ọmọdé. Òfin náà ka irú ọmọ tí ilé ẹjọ́ lè gbà sábẹ́ àbò: ọmọ òrukàn, ọmọ tí ẹbí ti pa tì, ọmọ tí òbí rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n tí kò sì ní ohun tó máa jẹ, àti ọmọ tó wà lọ́wọ́ òbí tí ìwà ọ̀daràn tàbí ọtí àmupara kò jẹ́ kó yẹ lẹ́ni tó ń tọ́mọ.

Ọtí ti wà nínú ìwé láti 1943, nìyẹn. Wọ́n mọ̀ pé ohun tó ń ṣe òbí máa ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ń wo ọmọ wà lọ́tọ̀, ilé tó ń ti òbí mọ́lé wà lọ́tọ̀. Fáìlì méjèèjì ò pàdé.

Ìgbà tí Adéoyè Lámbò dé ni nǹkan yí padà díẹ̀. Ọmọ wa ni. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1923, Baptist Boys' High School ló lọ kó tó kọjá sí Birmingham lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, ó sì tún kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní London. Ní 1954 ó padà wálé, wọ́n ní kó wá ṣe ọ̀gá ilé ìwòsàn tuntun ní Àrò. Ó débẹ̀, ilé ò tíì parí. Ọ̀gá mìíràn ìbá jókòó sí kọ́tà, kó máa gba owó oṣù, kó máa retí bíríkìlà. Lámbò ní tiẹ̀ gba ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká lọ, ó bá wọn dá àdéhùn: ẹ gba àwọn aláìsàn sílé, wọ́n á san owó ilé fún yín. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fi yàrá kún ilé wọn. Wọ́n bá wọn fa omi ẹ̀rọ, wọ́n bá wọn gbógun ti ẹ̀fọn. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bí ẹni pé áńgẹ́lì làwọn ará abúlé yẹn o, owó ń wọlé fún wọn. Ìyẹn ò sì bu ohun tí wọ́n ṣe kù.

Òfin kan wà tí Lámbò kò yẹ̀ lórí rẹ̀. Wọn kì í gba aláìsàn sí abúlé náà láìjẹ́ pé ó kéré tán, ẹbí rẹ̀ kan bá a wá. Ó lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ó lè jẹ́ àǹtí. Ẹni yìí ló máa dáná fún un, tó máa fọṣọ rẹ̀, tó máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tó sì máa mú un padà sílé lọ́sàn-án. Abẹ́rẹ́ àti oògùn òyìnbó wà lọ́hùn-ún. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, abúlé ni, èèyàn ń jẹun, wọ́n ń ta ayò, wọ́n ń jó, ẹni tó ń lọ mọ́ṣáláṣí ń lọ, ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, torí wọ́n mọ àwọn èèyàn wọn, wọ́n sì mọ ohun tó máa ń bà wọ́n lẹ́rù. Àwọn kan nínú àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Kò dá a dúró. Nígbà tó fi máa di 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ṣe ìpàdé gbogbo Áfíríkà àkọ́kọ́ lórí iṣẹ́ wọn. Abẹ́òkúta o, kì í ṣe Nairobi, kì í ṣe Cairo.

Ọdún yẹn kan náà ni Alexander Leighton kó àwọn olùwádìí wá láti yunifásítì Cornell l'Amẹ́ríkà. Àwọn àti Lámbò jọ lọ láti abúlé dé abúlé nílẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n sì wọ ìgboro pẹ̀lú, wọ́n ń bi àwọn èèyàn nípa oorun wọn, ìdààmú ọkàn wọn, àìsàn wọn. Ìwé tó ti inú rẹ̀ jáde ní 1963 wà lára àwọn ìwádìí àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà tó fi ìlera ọpọlọ ará ìlú wé ti ibòmíràn, ìyẹn agbègbè kan ní Kánádà. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé níbi tí àjọṣe abúlé ti túká, tí kálukú ń ṣe tiẹ̀, àmì ìdààmú ọpọlọ pọ̀ níbẹ̀ ju ibi tí àwọn èèyàn ṣì ti so kọ́ra lọ.

Ẹ wá wo ètò Àrò náà dáadáa. Ká ní obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta ni àìsàn mú, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ sí Àrò. Obìnrin méjì ti jáde nílé lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló ń fún àwọn mẹ́ta yẹn lóúnjẹ? Ètò Lámbò fara ti nǹkan kan tí kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba, òun ni agbo ilé. Ìyàwó ilé wà níbẹ̀, ìyá àgbà wà níbẹ̀, àkàrà òwúrọ̀ á dé ọwọ́ ọmọ, ẹnìkan á sì na ọmọ tí kò bá lọ síléèwé. Níwọ̀n ìgbà tí agbo ilé ṣì dúró, kò sí ẹni tó nílò láti béèrè.

Oògùn olóró wá wọlé. Àwọn olùwádìí sábà máa ń sọ pé àwọn ọmọ ogun wa tó ti Bọ́mà àti Íńdíà bọ̀ lẹ́yìn ogun Hítílà ló mú igbó mímu gbajúmọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tọ́lání Àsúnì, dókítà tó gba ipò lẹ́yìn Lámbò ní Àrò, kọ ìwádìí jáde ní 1964 lórí igbó àti ìdààmú ọpọlọ ní Nàìjíríà. Àwọn dókítà ń wo ọ̀rọ̀ yìí bí àìsàn àti bí ọ̀rọ̀ àwùjọ. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, àwọn ológun gbàjọba, òfin wọn ti 1966 sì ní ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ló tọ́ sí ẹni tó bá gbin igbó, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló tọ́ sí ẹni tó bá mu ún. Ọdún mẹ́wàá! Ọmọ ọdún méjì tí wọ́n mú bàbá rẹ̀ á ti di ọmọ ọdún méjìlá kó tó padà rí i. Ní 1975 ni wọ́n dẹ òfin náà, tí wọ́n yọ ikú kúrò. Èmi ò sọ pé kí wọ́n fi ẹni tó ń ta oògùn olóró sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé aláìsàn tí Àrò ń fẹ́ kí ẹbí rẹ̀ bá wá, òfin tún ń fà á padà sí Lántòro àtijọ́.

Ó pẹ́ kí ìwádìí tó fi nọ́ńbà sí ohun tí èyí ń ṣe fún ọmọ. Ní 1998, Vincent Felitti àti Robert Anda tẹ èsì kan jáde l'Amẹ́ríkà. Wọ́n bi àwọn àgbàlagbà tó lé ní 9,000 ní San Diego léèrè ohun tí ojú wọn rí nígbà èwe. Oríṣi ìyà méje ni wọ́n kà sílẹ̀, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ará ilé: kéèyàn gbé pẹ̀lú ẹni tí ọtí tàbí oògùn olóró mú, ẹni tí ọpọlọ ń yọ lẹ́nu, àti ẹni tó lọ sẹ́wọ̀n. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ló ti gbé pẹ̀lú ọ̀mùtí tàbí ẹni tó ń lo oògùn olóró. Àwọn tó ti rí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìyà méje yẹn, ó ṣeé ṣe ní ìlọ́po mẹ́rin sí méjìlá kí ọtí, oògùn olóró, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí gbígbìyànjú láti pa ara ẹni bá wọn, ju ẹni tí kò rí ọ̀kan lọ. Ẹ má fi èyí pe ọmọ ẹnikẹ́ni ní àkúdàáyà. Kì í ṣe àyànmọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n lè sọ bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí mìíràn tó dàgbà jù ú lọ. Emmy Werner àti Ruth Smith tẹ̀ lé gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní 1955, ọdún kan lẹ́yìn tí Àrò bẹ̀rẹ̀, ní erékùṣù Kauai ní Hawaii. Wọ́n ń wò wọ́n títí wọ́n fi di àgbà. Lára wọn làwọn tí ilé wọn tòṣì, tí òbí wọn ń mutí àmupara tàbí tí ọpọlọ òbí wọn dàrú. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ tí ìnira wọn pọ̀ jù yìí ló dàgbà di èèyàn tó ń ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́ràn ẹlòmíràn, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun kan tó wọ́pọ̀ láàárín wọn ni pé àgbàlagbà kan wà tó dúró tì wọ́n gbágbáágbá láti kékeré, lọ́pọ̀ ìgbà ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà, àbúrò òbí tàbí aládùúgbò. Mo ka èyí, mo rẹ́rìn-ín. Àwa ò nílò kí ẹnikẹ́ni ti Hawaii wá sọ ọ́ fún wa, ṣùgbọ́n ó dáa pé wọ́n kà á.

Ìṣòro wa báyìí ni pé agbo ilé ti kó wọ inú fóònù. Ẹni tó yẹ kó jẹ́ ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà wà ní Houston, àbúrò òbí wà ní Ìkòròdú. Ìwádìí tí ìjọba àti àjọ UNODC ṣe ní 2018 sọ pé 14.3 mílíọ̀nù èèyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà ló lo oògùn olóró lọ́dún kan. Lápá ìwọ̀-oòrùn gúúsù níbí, ó lé ní ẹnìkan nínú márùn-ún. Bá a bá pín in sójúlé, ẹ ò ní rin jìnnà kẹ́ ẹ tó kàn án. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti 2003, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì sọ ọ́ di tiẹ̀ ní 2006. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun dé ní January 2023 láti rọ́pò ti ayé òyìnbó. Àrò náà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró mú. Fáìlì méjèèjì, ti òbí àti ti ọmọ, ló ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí wọ́n ṣe wà ní 1943.

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé lórí àwọn gúrúùpù wa, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ báyìí. Tí wọ́n bá ní kẹ́sẹ̀ ẹnìkan ti yíwọ́, tàbí pé ọmọ wa kan wà ní Àrò, ẹ̀bẹ̀ owó pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì ló sábà máa ń tẹ̀ lé e, ìyẹn bí ìtìjú bá jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ rárá. Owó dáa, ẹ dá a. Ẹ kàn bá wa fi ìlà kan kún ìwé tẹ́ ẹ fi ń gba orúkọ: ọmọ mélòó ló ní, ọdún mélòó ni wọ́n, ta ló sì wà pẹ̀lú wọn lálẹ́ òní?