Ìlérí lórí ìwé: èwo ló de ìjọba?

1/ Ọjọ́ 30, oṣù Kìíní, 1996. Àwọn SSS lọ gbé Gani Fawehinmi nílé ẹ̀ l'Ékòó, láìsí ìwé àṣẹ kankan. Ayé Abacha nìyẹn. Ẹ̀yin tèmi, ìwé wo ló lè gbèjà ẹ̀?

2/ Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1948 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti èèyàn mọ́lé lásán. Ó dùn létí, àmọ́ ìkéde ni. Kò de ìjọba kankan bí àdéhùn ṣe ń dè é.

3/ Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Áfíríkà (1981) yàtọ̀. Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tún sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ wa ní 1983. Òun ni Gani gbé lọ kóòtù.

4/ Ní 2000, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní àdéhùn yẹn lágbára ju òfin lásán lọ, torí a ti sọ ọ́ di òfin. Àmọ́ kò ga ju òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè.

5/ Abala 12 òfin ìpìlẹ̀ 1999 náà sọ ọ́: àdéhùn tí àwọn aṣòfin ò bá sọ di òfin, kò lágbára òfin níbí. Torí náà, tí ìjọba bá ní "a ti tọwọ́ bọ̀wé", ẹ bi wọ́n: ìkéde ni àbí àdéhùn? Ṣé ẹ ti sọ ọ́ di òfin?