Orúnkún Kì í Ṣe Àgbékọ́ Ilẹ̀kùn: Ìtàn Orúnkún Àtọwọ́dá àti Bí A Ṣe Ń Yàn Án

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ orúnkún jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí á wo ẹ̀yìn sí dáradára. Orúnkún ni àgbẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ nídìí ebè. Òun ni olùkọ́ fi ń dúró níwájú kíláàsì láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Òun ni obìnrin ilé fi ń kí àgbà, òun náà sì ni Mùsùlùmí àti Kristẹni fi ń kúnlẹ̀ níwájú Ẹlẹ́dàá. Nígbà tí làkúrègbé bá jẹ ẹ́ dé eegun, kì í ṣe ìrora nìkan ni ó ń mú wá; ó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ àtiṣe ohun tí ó fi jẹ́ ẹni iyì láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Lónìí, oníṣẹ́ abẹ lè gé ojú eegun tí ó ti bàjẹ́ kúrò, kí ó sì fi irin àti ike rọ́pò rẹ̀. A ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni orúnkún àtọwọ́dá. Èwo ni ó yẹ ẹni tí ó ṣì fẹ́ máa rìn, kí ó máa ṣiṣẹ́, kí ó sì máa kúnlẹ̀? Ẹni tí kò mọ ìtàn wọn yóò rò pé èyí tí ó tuntun jùlọ ni ó dára jùlọ. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí orúnkún jẹ́. Eegun itan ni ó jókòó lé eegun ojúgun lórí. Eegun rírọ̀ tí ó ń dán bo orí àwọn méjèèjì, iṣan líle sì so wọ́n pọ̀ lọ́tùn-ún, lósì àti ní àárín. Ẹni tí ó bá wò ó láti òkèèrè yóò ní ṣe ni ó ń ṣí tí ó sì ń padé bí ilẹ̀kùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1836, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Jámánì, Wilhelm Weber àti Eduard Weber, tẹ ìwé kan jáde lórí bí ènìyàn ṣe ń rìn. Wọ́n ṣàlàyé níbẹ̀ pé bí orúnkún bá ń ká, eegun itan a máa yí bí kẹ̀kẹ́, a sì tún máa yọ̀ lórí eegun ojúgun. Orúnkún a tún máa lọ́ díẹ̀ bí ó ti ń ká. Ọgbọ́n yìí wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí àwọn tí ń ṣe orúnkún àtọwọ́dá tó fi í ṣe ìwà hù.

Themistocles Gluck, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Berlin, ni ìtàn kọ́kọ́ dárúkọ. Ní 1890, ó lo orúnkún tí a fi eyín erin ṣe, tí ó ní àgbékọ́ bí ti ilẹ̀kùn, fún aláìsàn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jẹ orúnkún rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà dára lójú. Ṣùgbọ́n kò tíì sí oògùn tí ó lè pa kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ nígbà náà. Àrùn tí ó fara pamọ́ sínú eegun tún jí, iṣẹ́ náà sì bàjẹ́. Kí á má ṣe fi Gluck ṣe yẹ̀yẹ́. Títí di òní olónìí, kòkòrò àrùn wà lára àwọn ọ̀tá tí oníṣẹ́ abẹ ń bẹ̀rù jùlọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ àgbékọ́ sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1951, Börje Walldius ní orílẹ̀-èdè Swídìn tún jí i dìde. Ike ni ó kọ́kọ́ fi ṣe tirẹ̀, kí ó tó wá lo irin. Ní 1954, L. G. P. Shiers ní ìlú Ọba gbé èyí tí a fi irin tí kì í dógùn-ún ṣe jáde. Ọ̀pọ̀ aláìsàn rí ìtura. Síbẹ̀, àgbékọ́ kò mọ̀ ju síwájú àti sẹ́yìn lọ. Bí ẹni tí ó ní in lára bá yí padà láti dá ẹni tí ó pè é lóhùn, ara rẹ̀ lọ́, irin kò lọ́. Gbogbo agbára lílọ́ náà a wá lọ sí ibi tí irin ti wọ inú eegun. Díẹ̀díẹ̀, irin a tú. Bí ẹni náà bá ṣe ń rìn tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe tètè tú tó. Ẹni tí ó nílò orúnkún jùlọ ni orúnkún náà kò bá gbé.

Ìrànlọ́wọ́ wá láti ibòmíràn, láti ìbàdí. Ní ilé ìwòsàn Wrightington, ní àgbègbè Lancashire ní ìlú Ọba, John Charnley ń ṣe oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá. Ó fi símẹ́ǹtì tí a fi ike ṣe so irin mọ́ eegun. Fún ihò tí irin yóò máa yí nínú rẹ̀, ó yan ike tí a ń pè ní Teflon, nítorí pé ó ń yọ̀ gan-an. Nǹkan bí 300 aláìsàn ni ó fi í sí lára. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Teflon fi jẹ, tí èérún rẹ̀ sì ń ba ẹran ara jẹ́. Charnley kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ó fi èérún Teflon àti ti ike mìíràn sí itan ara rẹ̀ láti mọ ohun tí wọn yóò ṣe níbẹ̀. Ní oṣù November 1962, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ike kejì náà, polyethylene, tí kì í tètè jẹ. Irú ike yìí, tí a ti tún ṣe sí i, ni ó wà nínú orúnkún àtọwọ́dá títí di òní.

Oníṣẹ́ abẹ kan láti Kánádà, Frank Gunston, wá ṣiṣẹ́ ní Wrightington. Ó mú ọgbọ́n irin, ike àti símẹ́ǹtì náà lọ sí orúnkún. Ní 1968, ó pa àgbékọ́ tì. Ó fi irin róbótó sí orí eegun itan, ó fi ike sí orí eegun ojúgun, ó sì jẹ́ kí iṣan aláìsàn fúnra rẹ̀ so wọ́n pọ̀. Ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Weber ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di ohun tí ọwọ́ lè gbá mú. Ní 1974, ní Hospital for Special Surgery ní New York, John Insall, Chitranjan Ranawat àti Peter Walker gbé èyí tí ó bo gbogbo ojú eegun jáde. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú orúnkún àtọwọ́dá òde òní.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀ka ti ń yọ. Oríṣiríṣi ọ̀bẹ ni à ń rí lọ́jọ́ ikú erin. Àwọn kan dá iṣan ẹ̀yìn tí ó wà láàárín orúnkún sí. Àwọn mìíràn gé e, wọ́n sì fi òpó ike ṣe iṣẹ́ rẹ̀, irú èyí tí Insall àti Albert Burstein gbé jáde ní 1978. Ní New Jersey, Frederick Buechel àti Michael Pappas ṣe èyí tí ike rẹ̀ ń yí díẹ̀ lórí irin, kí ó má baà tètè jẹ. Ní Oxford, John Goodfellow àti John O'Connor ṣe èyí tí a lè fi tún apá kan ṣoṣo nínú orúnkún ṣe, bí ìyókù bá ṣì dára.

Ta ni yóò sọ fún wa èyí tí ó tọ́jọ́? Swídìn ni ó kọ́kọ́ dá ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ fún un, ní 1975. Àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ìwádìí tí a fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ní 2019 fi hàn pé bí a bá pààrọ̀ orúnkún odindi fún 100 ènìyàn, nǹkan bí 82 ni yóò ṣì máa lo ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún 25. Bí ó bá jẹ́ apá kan ni, nǹkan bí 70 ni. Síbẹ̀, ara ẹni tí ó ṣe apá kan máa ń tètè yá. Ìwádìí mìíràn ní 2017, ní ìlú Ọba, sọ pé bí ọkùnrin bá ṣe é nígbà tí ó wà láàárín ọdún 50 sí 54, nǹkan bí 35 nínú 100 ni yóò tún padà lọ sábẹ́ ọ̀bẹ kí wọ́n tó kú. Fún àwọn tí ó ti lé ní 70 ọdún, nǹkan bí 5 ni. Ara tí ó ń ṣiṣẹ́ púpọ̀, tí ó sì ní ọjọ́ púpọ̀ níwájú, ni ó ń lo orúnkún gbó.

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ wá ńkọ́, tí ó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n? Orúnkún àtọwọ́dá sábà máa ń ká dé ìwọ̀n dígírì 110 sí 120. Èyí tó fún kíkúnlẹ̀ lóòró láti kí ènìyàn, bí ọgbẹ́ bá ti jinná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú àpá lè kú tàbí kí ó máa dunni. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ó tó fún jíjókòó lé gìgísẹ̀, bí a ti ń ṣe nígbà ìrun. Nítorí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan fi ṣe orúnkún tí wọ́n ní yóò ká jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2007, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Kòríà ròyìn 72 irú rẹ̀ kan: irin apá eegun itan ti tú nínú 27, pàápàá lára àwọn tí ń lóṣòó, tí ń kúnlẹ̀, tí wọ́n sì ń jókòó sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Teflon àti ti àgbékọ́ náà ni ó tún padà wá. Ohun tí a fi kún yíyọ̀ tàbí kíká, ó lè jẹ́ pé lára àtitọ́jọ́ ni a ti yọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bí ìyá tàbí bàbá yín bá dé orí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe irin náà. Ẹ kọ́kọ́ sọ irú ìgbé ayé tí aláìsàn ń gbé fún oníṣẹ́ abẹ: iṣẹ́ rẹ̀, àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, bí ó ṣe ń kírun tàbí gbàdúrà, ohun tí yóò dùn ún jùlọ bí kò bá lè ṣe é mọ́. Ẹ béèrè bóyá gbogbo orúnkún ni ó bàjẹ́ tàbí apá kan, àti bóyá iṣan rẹ̀ ṣì lágbára. Ẹ béèrè irú èyí tí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ náà ti mọ́ lára, nítorí iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ni ó ń mọ̀ ọ́n ṣe. Bí oníṣẹ́ abẹ bá wá ní kí ó máa rìn, kí ó máa wẹ̀ lódò, kí ó máa gun kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kí ó yé sáré kí ó sì yé fò, kí ó má ṣe bínú. Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni orúnkún olúkúlùkù. Gluck, Walldius àti Charnley ti ṣubú, wọ́n sì ti dìde níwájú wa. Àwa tí a wo ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ tún ṣubú síbi kan náà.